Ẹsẹ̀ Bàbá Mi Nínú Omi Olómi

Ariwo omi ló ń jí wa nílé wa ní Houston. Kò sí àkùkọ ní apartment wa, freeway, òpópónà ńlá tó wà lẹ́yìn ilé, kì í sì í sùn débi tí yóò fi jí ẹnikẹ́ni, nítorí náà bàbá mi ni àkùkọ wa. Kí ojúmọ́ tó mọ́ tán, a ó gbọ́ wọn ní balùwẹ̀: wọ́n á ha ọ̀fun, wọ́n á fọn imú bí ẹni pé imú náà ṣẹ̀ wọ́n, lẹ́yìn náà la ó gbọ́ gbì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti gun síǹkì nìyẹn. Gbì kejì, ẹsẹ̀ òsì. Kẹ́tùlù àlùwàlá tí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, gbé wá láti Ẹ̀pẹ́ wà nílẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá mi kì í fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní ẹni tó kàwé di ẹnjiníà kì í lóṣòó ti kẹ́tùlù mọ́. Màmá mi á gbọ́ gbì yẹn láti ilé ìdáná, níbi tí wọ́n ti ń di oúnjẹ tí wọ́n ń gbé lọ síbi iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, wọ́n á ní, "Bàbá Múnírá, inú ibẹ̀ lọmọ yín ti ń fọ ẹnu o." Bàbá mi á ní ẹsẹ̀ tó mọ́ ni. Màmá mi á ní, "Tó bá mọ́, kí lẹ wá ń fọ̀?" Bàbá mi á ti dorí ẹní, ẹni tó ń kírun kì í sì í dáhùn. Níbi iṣẹ́ wọn ní Deer Park, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì, ẹnìkan ti lẹ ìwé mọ́ ògiri balùwẹ̀ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ jọ̀ọ́ má gbé ẹsẹ̀ sínú síǹkì. Bàbá mi nìkan ni mùsùlùmí níbẹ̀. Wọ́n ń sọ ìtàn ìwé yẹn fún gbogbo àlejò tó bá wọlé wa, bí ẹni tó ti ojú ogun ẹ̀sìn bọ̀. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé ẹni tó lẹ ìwé náà lè jẹ́ ẹni tó kàn fẹ́ bọ́jú rẹ̀.

Ìyá Àgbà wá sọ́dọ̀ wa nígbà tí màmá mi bí àbúrò mi ọkùnrin. Wọ́n ní oṣù mẹ́ta làwọn máa lò, ọmọ náà ti ń fà káàkiri ilé, wọn ò tíì di ẹrù. Ọmọ apẹja ni wọ́n, etí ọ̀sà ni wọ́n dàgbà sí. Wọ́n ti lọ Mẹ́kà, eyín góòlù kan sì wà lẹ́nu wọn tó jẹ́rìí sí i. Iṣẹ́ tèmi lọ́jọ́ Sátidé ni kí n bó ẹ̀wà àkàrà. N óò jókòó sílẹ̀ ní ilé ìdáná pẹ̀lú abọ́ láàárín ẹsẹ̀, èèpo ẹ̀wà á máa lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, Ìyá Àgbà á jókòó sórí àga, wọ́n á máa fi ọ̀rọ̀ dá mi lára yá. Ìyẹ̀fun ọ̀dùnkún inú páálí ni wọ́n fi ń ro ohun tí a ń pè ní iyán. Tí wọ́n bá rò ó tán, wọ́n á wò ó títí, wọ́n á ní, "Ó jọ ọ́. Ẹni tó bá jìnnà sílé, kó máa jẹ ohun tó jọ ọ́." Ọ̀rọ̀ wọn mìíràn ni pé, bí èèyàn bá dé etí omi olómi, kó béèrè kó tó bù ú. Mo máa ń rò pé ti ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ń sọ, mo sì máa ń bi ara mi pé kí ló kàn mí nínú omi Ẹ̀pẹ́, èmi tí mo ń tẹ fírííjì kí n tó rí omi tútù. Ní báyìí tí mo ti di ìyá ọmọ, tí ọmọ tèmi náà ń ki ọwọ́ bọ gbogbo omi tó bá rí, ì báà ṣe ti ajá aládùúgbò, ọ̀rọ̀ yẹn ló ń bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ilé iṣẹ́ bàbá mi rán wọn lọ sí Japan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ tuntun kan ṣe, wọ́n sì ní wọ́n lè mú ẹbí dání. Màmá mi ní àwọn ò ní gbé ọmọ ọwọ́ gun òkun torí ẹ̀rọ. Bàbá mi wá sọ fún Ìyá Àgbà pé kí wọ́n jọ̀ọ́ bá wọn lọ láti máa tọ́jú mi. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ní kí n bá wọn lọ láti máa tọ́jú Ìyá Àgbà, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwa méjèèjì gba iṣẹ́ náà tọkàntọkàn. Ìyá Àgbà nìkan ló béèrè pé, "Mo ti dé Mẹ́kà. Ibo ló tún wá kù?" Ohun mìíràn wà lọ́kàn bàbá mi tí gbogbo ilé mọ̀. Ẹgbẹ́ mùsùlùmí wa fẹ́ yan alága tuntun. Ẹgbẹ́ náà ò ju ogún ìdílé lọ: dókítà, ẹnjiníà, awakọ̀, àwọn tó ń ta mọ́tò àlòkù, olúkúlùkù wọn sì gbà pé ẹnìkan ṣoṣo ló yẹ kó ṣe alága, ìyẹn òun fúnra rẹ̀. Bàbá mi fẹ́ ipò yẹn bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ súìtì. Ẹni tó bá ti Japan dé, tó ní àwòrán tó máa fi han àwọn èèyàn, ta ló máa bá a du ú? Kámẹ́rà tuntun ni wọ́n rà kí wọ́n tó ra bàtà tuntun fún mi.

Ní ọjọ́ Àìkú kejì tí a lò níbẹ̀, bàbá mi rí ìwé pélébé kan ní hòtẹ́ẹ̀lì nípa ilé òrìṣà àtijọ́ kan tó wà létí òkun. Ẹ̀sìn Ṣíntò ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ àwọn ará Japan. A wọ ọkọ̀ ojú irin lọ. Ẹnu ọ̀nà pupa kan ló dúró sínú omi, òpó méjì pẹ̀lú igi tí wọ́n fi dábùú orí rẹ̀, kò sí ilẹ̀kùn, kò sí ògiri, ìgbì ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Ilé òrìṣà gan-an wà lórí ilẹ̀, iyọ̀ òkun ti sọ pákó rẹ̀ di dúdú, wọ́n sì fi okùn koríko kan tó nípọn bí itan àgbàlagbà kọ́ sí iwájú rẹ̀. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí. "Màmá, ẹ wo àwọn tó ń ṣe rédíò tí à ń gbọ́ ní gbogbo ayé. Okùn ni wọ́n ń bọ." Ìyá Àgbà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wo àwọn obìnrin kan tí wọ́n tẹríba kí wọ́n tó wọ ọgbà ilé òrìṣà, àwọn obìnrin tí atẹ́gùn òkun ti gbẹ awọ ojú wọn bí ti àwọn ará ilé Ìyá Àgbà fúnra wọn. Wọ́n ní, "Ọkọ àwọn wọ̀nyí wà lórí omi." Wọ́n tún gèlè wọn wé dáadáa, bí ẹni tó fẹ́ wọ ilé àgbàlagbà. Èmi rò pé atẹ́gùn ló tú u.

Lẹ́bàá ọ̀nà tó wọlé, òkúta ńlá kan tí wọ́n gbẹ́ bí ọpọ́n wà lábẹ́ òrùlé kékeré, omi tó mọ́ gaara sì ń dà sínú rẹ̀ láti inú ọ̀pá oparun. Ife onígi ọlọ́wọ́ gígùn wà lórí rẹ̀. Àwọn èèyàn ń fi ife bu omi, wọ́n ń dà á sọ́wọ́ òsì, wọ́n ń dà á sọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n ń fi díẹ̀ yọ ẹnu, wọ́n sì ń tu èyí tí wọ́n yọ sórí òkúta wẹ́wẹ́ tó wà nílẹ̀. Kò sí èyí tó kán padà sínú ọpọ́n. Ojú bàbá mi là. "Màmá, ẹ ò rí i? Àlùwàlá nìyẹn. Àwọn èèyàn yìí ti mọ ẹ̀sìn nígbà kan rí, ibi tó kù ni wọ́n gbàgbé." Àkókò ìrun ọ̀sán sì ti tó. Wọ́n gbé kámẹ́rà fún mi pé kí n máa yà wọ́n, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ká ṣòkòtò sókè.

Ìyá Àgbà pè wọ́n ní oríkì wọn. "Àkànní, ṣé o béèrè?"

"Màmá, omi Ọlọ́run ni. Ẹ jẹ́ kí n fi bí wọ́n ṣe ń parí rẹ̀ hàn wọ́n."

Wọ́n ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ọpọ́n. Wọ́n yọ ẹnu, wọ́n fọn imú, wọ́n bọ́jú, wọ́n fi omi ra orí àti etí. Nígbà tí obìnrin kan ti fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ni mo gbọ́ ohun tí mo ti ń gbọ́ láràárọ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Gbì. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàbá mi funfun nínú omi yẹn bí ikùn ẹja. Mi ò rántí ya àwòrán rẹ̀.

Bàbá arúgbó kan jáde láti inú ilé òrìṣà, aṣọ funfun lókè, ṣòkòtò búlúù gbàgẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Kò pariwo. Ó tẹríba fún bàbá mi, ó tún tẹríba, ó ń nàka jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sí ẹsẹ̀ náà. Bàbá mi kọjú sí wa, inú wọn ń dùn. "Ẹ wò ó, ó ń dúpẹ́." Arúgbó náà dúró títí bàbá mi fi ṣe ẹsẹ̀ kejì tán. Lẹ́yìn náà ó yọ ohun tí wọ́n fi dí ìdí òkúta, gbogbo omi inú rẹ̀ dà nù, ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ inú rẹ̀. Ó ń fọ̀ ọ́ bí màmá mi ṣe ń fọ ìkòkò tí ọbẹ̀ jóná sí, láìsọ̀rọ̀, ìyẹn ìgbà tó burú jù. Ìgbà náà ni Ìyá Àgbà gbé àpamọ́wọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, níwájú arúgbó náà. Wọ́n ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ọmọ mi ni. Mo kọ́ ọ, kò gbọ́." Arúgbó náà ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìkúnlẹ̀. Ó ju búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, òun náà kúnlẹ̀, àwọn méjèèjì dojú kọ ara wọn, olúkúlùkù ń fi ọwọ́ bẹ èkejì pé kó dìde. Ẹ̀rù bà mí, ìka mi sì wà lórí kámẹ́rà. Mo tẹ̀ ẹ́. Nínú ọkọ̀ ojú irin, Ìyá Àgbà ní kí bàbá mi jẹ́ kí a padà lọ bẹ̀ wọ́n. Bàbá mi ní, "Màmá, ta ló bínú? Ẹ ò rí i bó ṣe ń tẹríba?"

Ní Houston, ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, bàbá mi pe gbogbo ẹgbẹ́ wá wo àwòrán. Wọ́n yá ẹ̀rọ kan tó ń ju àwòrán sára ògiri, wọ́n fa kọ́tìnì, wọ́n sì fi pín-ìn-nì kan bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì funfun wa mọ́ ògiri pálọ̀. Wọn ò kọ́kọ́ yẹ àwọn àwòrán náà wò. Wọ́n gbà pé àwòrán tó bá ti inú kámẹ́rà àwọn jáde kò lè ní àbùkù. Màmá mi se ráìsì, Ìyá Àgbà dín àkàrà tí mo fi ìka mi bó ẹ̀wà rẹ̀. Alhaji Gàníyù, alága tó fẹ́ gbé ipò sílẹ̀, tó ń ta mọ́tò àlòkù, jókòó sí àga tó dára jù. Bàbá mi ń ṣàlàyé, ẹ̀rọ ń dún ṣákà, ṣákà: bàbá mi níwájú ọkọ̀ ojú irin, bàbá mi níwájú ẹ̀rọ, bàbá mi níwájú òkè kan tí a ò rí torí bàbá mi. Wọ́n ní àwọn ti wàásù fún àwọn abọ̀rìṣà létí òkun. Àwọn èèyàn ń mi orí. Ṣákà. Ìyá Àgbà ló yọ, lórí ìkúnlẹ̀, okùn ńlá náà níwájú wọn gbangba. Èmi tí mo ya àwòrán ò mọ̀ ọ́n yà. Kìkì apá aṣọ funfun arúgbó náà ló wọ inú rẹ̀.

Alhaji Gàníyù ní, "Dúró níbẹ̀, Ẹnjiníà." Wọ́n kọjú sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn obìnrin wà. "Alhaja, ṣé ẹ̀yin rèé?"

Ìyá Àgbà ní, "Èmi ni."

"Lórí ìkúnlẹ̀."

"Orí ìkúnlẹ̀ ni."

"Níwájú òrìṣà."

Ìyá Àgbà yíjú kúrò lọ́dọ̀ Alhaji. Wọ́n wo bàbá mi. Gbogbo wa wo bàbá mi. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, wọ́n ń fọwọ́ kàn án níhìn-ín lọ́hùn-ún, wọ́n ní, "Ẹ̀rọ yìí ti gbóná." Obìnrin kan sọ pẹ̀lẹ́ lẹ́yìn mi pé, "Mẹ́kà tí wọ́n lọ wá ńkọ́?" Obìnrin tó jókòó tì í dá àkàrà ọwọ́ rẹ̀ padà sínú àwo. Mo rí i. Ó ti gé e jẹ, ó sì dá a padà, ó nu ìka rẹ̀ nù.

Ìyá Àgbà ní, "Àkànní."

Bàbá mi nara. "Ẹ má wò ó bẹ́ẹ̀, Alhaji. Màmá ti dàgbà. Orúnkún máa ń dùn wọ́n. Bóyá wọ́n fẹ́ sinmi ni."

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Wọ́n ti kọ́ mi pé ọmọdé kì í sọ̀rọ̀ níbi tí àgbà bá wà, ẹ̀kọ́ tí èmi náà ń kọ́ ọmọ mi báyìí, tí mo sì ń gbàdúrà pé kó má gbà á tán. Mo ní, "Wọn ò sinmi. Daddy ló gbé ẹsẹ̀ sínú omi tí àwọn èèyàn fi ń yọ ẹnu. Ìyá Àgbà ń bẹ̀ wọ́n ni." Màmá mi fà mí jókòó, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ò le.

Alhaji Gàníyù ní, "Ẹsẹ̀ wo? Ṣé o ṣe àlùwàlá nínú ọgbà òrìṣà?"

Mo rí i bí ojú bàbá mi ṣe yí padà. Ẹni tó rò pé ilẹ̀kùn ti tì mọ́ òun rí fèrèsé. "Àlùwàlá kíkún, Alhaji. Mi ò fo ìkankan."

"Níwájú wọn?"

"Níwájú gbogbo wọn."

"Alláàhù Akbar."

Ẹ̀rín bú sílé. Ẹnìkan ní Ẹnjiníà ti fi ẹsẹ̀ wẹ òrìṣà Japan, òmíràn ní kí wọ́n má tíì fọ ẹsẹ̀ náà, kí wọ́n gbé e wá káwọn wò ó. Ráìsì ò tíì tán nílẹ̀ tí wọ́n fi yan bàbá mi ṣe alága, láìsí alátakò. Ó wá ku Ìyá Àgbà. Alhaji Gàníyù fi ohùn tí wọ́n fi ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún kálímọ́ sọ lẹ́ẹ̀kan, ìjẹ́rìí tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀sìn máa ń ṣe, kí ọkàn gbogbo èèyàn lè balẹ̀. Ìyá Àgbà sọ ọ́ já geere. Wọ́n ní, "Ṣé ọkàn yín ti balẹ̀?" Alhaji ní ó ti balẹ̀. Ìyá Àgbà ní, "Tèmi ò tíì balẹ̀." Wọ́n gbé àwo àkàrà wọn kúrò níwájú wọn, pẹ̀lú èyí tí obìnrin yẹn gé jẹ. Èmi pẹ̀lú wọn la fi ọjọ́ mẹ́ta jẹ ẹ́.

Láti ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà ò dáhùn ìkíni bàbá mi mọ́. Alága tuntun á dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ Deer Park lọ́rùn, wọ́n á ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá," Ìyá Àgbà á máa ro iyán tó jọ iyán. Kò sí ìbínú lójú wọn. Bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni nílẹ̀ ni. Bàbá mi gbé ẹja wá, wọ́n gbé aṣọ wá, wọ́n ní kí n bá wọn bi Ìyá Àgbà pé kí làwọn ṣe. Mo béèrè. Ìyá Àgbà ní, "Sọ fún un pé àṣegbé ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Kó mú bébà. Àdírẹ́sì àwọn olómi wà lára ìwé hòtẹ́ẹ̀lì yẹn."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹjọ ni bàbá mi jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ láti kọ lẹ́tà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, èmi ni mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá Àgbà. Èyí àkọ́kọ́ kún ojú ìwé kan: wọ́n yin òkun, wọ́n yin igi, wọ́n dúpẹ́ fún àlejò ṣíṣe. Ìyá Àgbà ní, "Níbo ló ti bẹ̀bẹ̀?" Mo ní kò tíì sí níbẹ̀. Bébà padà. Nínú èkejì, wọ́n ní bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ tó bí ẹnikẹ́ni nínú, kí wọ́n má bínú. "Bí ó bá ṣẹlẹ̀? Ṣé kò sí níbẹ̀ ni?" Bébà padà. Nínú ẹ̀kẹta, wọ́n ní ó dun àwọn pé omi yẹn dọ̀tí. Ìyá Àgbà ní, "Ṣé omi ló gun ẹsẹ̀ rẹ̀?" Màmá mi ti kọ ẹ̀yìn sí wa nídìí ààrò, èjìká wọn ń gbọ̀n. Ẹ̀kẹrin ò ju ìlà mẹ́ta lọ: mo fọ ẹsẹ̀ mi sínú omi tí ẹ fi ń yọ ẹnu, mi ò béèrè, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú.

Ìyá Àgbà ní, "Kí ló kọ sísàlẹ̀?"

"Orúkọ wọn, Ìyá. Ẹnjiníà Ràṣídì, Alága."

"Kó pa Alága rẹ́. Alága kọ́ ló kẹsẹ̀ bọ omi wọn. Lọ́jọ́ yẹn, wọn ò tíì bí Alága. Ọmọ mi ni."

Bàbá mi fa bébà náà mọ́ra. Wọ́n pa Alága rẹ́. Wọ́n tún pa Ẹnjiníà rẹ́, èyí tí ẹnikẹ́ni ò ní kí wọ́n pa, wọ́n sì kọ Àkànní sí i, orúkọ tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní Houston àyàfi ẹni tó bí wọn. Mo kà á sókè. Ìyá Àgbà gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tó mọ̀wé, wọ́n ká a sí méjì, wọ́n sì gbójú sókè wo bàbá mi.

"Àkànní," wọ́n ní, "ṣé o jíire?"

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti lù. Bàbá mi dìde nídìí tábìlì, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní, "A jíire, Màmá."